Ẹ̀kọ́ tí Yanrìn Etíkun Kọ́ Wa

Nígbà tí olóòtú ìwé yìí ní kí a kọ ohun tí yóò ṣe tọmọdé tàgbà ní àǹfààní, ìwàásù ni ó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ìwàásù wa ti pọ̀ níta. A rò pé ó sàn kí a sọ ìtàn ibi tí a ti ṣàṣìṣe. Tọkọtaya ni àwa tí ń sọ̀rọ̀ yìí. Inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni a ti pàdé, kí ọ̀kan nínú wa tó lọ kọ́ṣẹ́ àlùfáà, kí èkejì sì tó di olùkọ́. Ẹnu kan ni a fi ń sọ ọ́, nítorí àwa méjèèjì ni a jọ jẹ̀bi.

Àbígbẹ̀yìn wa ọkùnrin ń gbé ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú aya rẹ̀ àti ọmọ méjì. Nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó sọ fún wa pé òun fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ nípa òkun àti ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀. A ní rárá, òfin ni yóò kà. Kò jà, kò sì jiyàn. Ó fi ọdún méjì ka òfin tí kò wọ̀ ọ́ lára, kí ó tó wá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni ọ̀wọ̀ ti wà láàárín wa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, yóò pè, a ó kí ara wa, a ó gbàdúrà, a ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ó ránṣẹ́ pè wá pé kí a wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí a sì bá àwọn dé etíkun tí àwọn ti máa ń gun ìgbì, a mọ̀ pé kì í ṣe òkun nìkan ni ó pè wá wá wò.

Kí a má purọ́, eré àwọn aláwọ̀ funfun tí kò ríṣẹ́ ṣe ni a ka gígun ìgbì sí. Ọmọ-ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ni ó tọ́ wa sọ́nà nínú ọkọ̀. Ó ní ní àwọn ọdún 1830, ará Bìrìtéènì kan tí ń jẹ́ James Edward Alexander dé Accra, ó sì rí àwọn ọmọdékùnrin tí wọ́n fi pátákó fífúyẹ́ sí abẹ́ ikùn, tí wọ́n lúwẹ̀ẹ́ lọ dúró de ìgbì, tí ìgbì sì gbé wọn padà wá sí etí òkun. Ó tún bi wá léèrè bóyá a ti wo àwọn ọmọ tí ń gun ìgbì ní Tarkwa Bay l'Ékòó rí. Àwa tí a ti ń dé Èkó kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀ kò rí èsì fọ̀.

Cape Hatteras ni à ń lọ. Ilẹ̀ yanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, òkun Àtìláńtíìkì wà ní ọwọ́ kan, ọ̀sà wà ní ọwọ́ kejì, gẹ́gẹ́ bí etíkun ti rí lápá Àgbádárìgì. Ìjọba gbà kí ènìyàn wa ọkọ̀ lórí yanrìn ní àwọn ibi kan níbẹ̀, bí ó bá ti ní ìwé àṣẹ. Ọkọ̀ kò gbọdọ̀ sáré ju máìlì 15 lọ ní wákàtí kan. Ó gbọdọ̀ ní ṣọ́bìrì, jáàkì, pákó tí a ó gbé jáàkì lé kí ó má baà rì, àti ohun tí a fi ń wọn atẹ́gùn táyà. Wọ́n sì máa ń ti àwọn apá kan pa nígbà tí ẹyẹ tàbí ìjàpá òkun bá ń yé ẹyin sí.

Jíìpù ńlá tí ó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta ni ọmọ wa fi gbé wa. Ènìyàn mẹ́fà ni ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n so pátákó ìgbì mẹ́rin mọ́ orí rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún àgọ́, àga, aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ àti omi mímu. Ẹrù tiwa ni ó wá kún un dẹ́nu: kúlà ìrẹsì, kúlà mọ́ínmọ́ín, ìkòkò ọbẹ̀, àti àpótí ìwé tí a ní a kò lè fi sílẹ̀ nítorí ìwàásù ọjọ́ Àìkú. Ọmọ wa wo ẹrù náà, ó wò wá, kò sọ nǹkan kan.

Níbi tí títì ọlọ́dà ti pin tí yanrìn sì bẹ̀rẹ̀, ó dúró. Ó ní, "Bàbá, Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yọ díẹ̀ nínú atẹ́gùn táyà. Kò ní pẹ́." Ó ṣàlàyé pé òǹkà atẹ́gùn náà wà ní 36, àti pé ó yẹ kí òun fà á wálẹ̀ sí 20. Ó ní bí táyà bá rọ̀, yóò tẹ́ sílẹ̀, ìwúwo ọkọ̀ yóò pín sórí ilẹ̀ tó fẹ̀, kò sì ní walẹ̀. A dá a lóhùn pé láyé tiwa, ṣe ni à ń ní kí fọkanáísà kún táyà kí a tó rin ìrìn-àjò. A kò rí ẹni tí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ táyà tó yó di èyí tí ebi ń pa. Oòrùn ti mú, ó sì ti rẹ̀ wá. A ní kí ó máa lọ.

Ó ní, "Ó dáa, Bàbá." Ohùn tí ó fi gbà láti ka òfin ni ó fi sọ ọ́. A gbọ́ ọ, a sì mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ a kò yí ọ̀rọ̀ wa padà.

A kò tíì rìn jìnnà nígbà tí ó kúrò lójú ipa táyà àwọn tó ti lọ ṣáájú, kí ó lè yà fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn. Imú ọkọ̀ tẹ̀, ó sì dúró. A ní kí ó tẹ iná mọ́ ọn. Ó tẹ̀ ẹ́. Táyà ń yí lójú kan, ó ń fọ́n yanrìn sẹ́yìn, ó sì ń gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀. A tún ní kí ó tẹ̀ ẹ́ sí i. Nígbà tí a fi máa sọ̀kalẹ̀, inú ọkọ̀ ti jókòó sórí yanrìn bí adìẹ tó sàba.

Ìgbà náà ni a kíyè sí ohun tí ọmọ wa ti rí. Òkun ti fà nígbà tí a dé, ṣùgbọ́n ó ti ń padà bọ̀. Láti ìgbà tí ó bá fà tán sí ìgbà tí yóò kún tán, bí wákàtí mẹ́fà ni, a sì ti lo púpọ̀ nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà. Pàǹtírí àti koríko òkun tí omi àná kó jọ wà lókè ibi tí ọkọ̀ wa wà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé omi yóò dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ-ọmọ wa ọkùnrin, ọmọ ọdún méje, ń bi ìyá rẹ̀ bóyá òkun yóò gbé mọ́tò àwọn lọ.

Bí a ti dúró síbẹ̀ ni Bar Beach sọ sí wa lọ́kàn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní kíláàsì kẹta pẹ̀lú wa ní ọdún 1974 kò ní tíì gbàgbé. Wọ́n kó wa lọ sí Èkó láti wo òkun, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì rí i rí. Bọ́ọ̀sì wa ya sórí yanrìn, ó rì. Àwọn olùkọ́ ní kí a tì í, a tì í títí, ṣe ni ó ń wọlẹ̀ sí i. Baba tí ń wa bọ́ọ̀sì náà, tí a máa ń sín ìrìn rẹ̀ jẹ nítorí pé kò mọ̀wé, ni ó ní kí gbogbo wa sọ̀kalẹ̀, kí a sì kó ìkòkò oúnjẹ kúrò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi igi tẹ fáàfù táyà kọ̀ọ̀kan, atẹ́gùn ń jáde. A bú sẹ́rìn-ín, a ní orí Baba ti dàrú. Ó bi wá pé láàárín adìẹ àti pẹ́pẹ́yẹ, ẹsẹ̀ ta ni kì í rì nínú ẹrẹ̀. Kò pẹ́ tí bọ́ọ̀sì fi jáde, àwa ọmọ kíláàsì kẹta sì fi ọ̀sán yẹn tẹ pọ́ǹpù títí táyà fi kún padà. A kò rántí pé ẹnikẹ́ni nínú wa dúpẹ́ lọ́wọ́ Baba náà. Ó ti di olóògbé báyìí, ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì wà nílẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún kí a tó lọ gbé e.

A pe ọmọ wa. A ní, "Ọmọ wa, àwa ni a ṣì ọ́ lọ́nà. Ìwọ ni o mọ ibí yìí. Kí ni kí a ṣe?"

Ó wò wá fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí pín iṣẹ́. A kó gbogbo ẹrù sílẹ̀, ti orí ọkọ̀ àti ti inú rẹ̀. Nínú gbogbo rẹ̀, àpótí ìwé wa ni ó wúwo jù. Ó yọ atẹ́gùn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé 20. Ó fún ọ̀kan nínú wa ní ṣọ́bìrì láti gbẹ́ yanrìn kúrò níwájú táyà. Èkejì àti ìyàwó rẹ̀ tẹ́ rọ́ọ̀gì ìtẹ́sẹ̀ inú ọkọ̀ síwájú wọn. Omi ti kan táyà ẹ̀yìn nígbà tí ó wọlé jókòó. Lọ́tẹ̀ yìí, kò tẹ iná mọ́ ọn rárá. Ó rọra gbé ẹsẹ̀ lé e bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn. Ọkọ̀ mì, ó gbọ̀n, ó sì gòkè.

Nígbà tí a jókòó lé kúlà tí a ń mí gúlegúle, ó ní, "Bàbá, mo mọ̀ pé yóò rì." A bi í pé èéṣe tí kò fi kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Mo sọ ọ́, sà. Ẹ̀yin lẹ ní ká máa lọ." Kò fi ìbínú sọ ọ́. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, lójú àwọn ọmọ rẹ̀, òun náà sì mọ̀ pé kì í ṣe nítorí táyà nìkan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, a wo bí ó ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó dúró nínú omi tó mu ún dé àyà, ó di pátákó ọmọ náà mú, ó ń bojú wẹ̀yìn. Ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ìgbì kọjá. Nígbà tí èyí tí agbára ọmọ náà ká dé, ó tì í síwájú, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà ṣubú, ó ṣubú, ó tún ṣubú, kí ó tó dìde dúró tí ìgbì fi gbé e dé ẹsẹ̀ wa. A ti jẹ́ òbí fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún. Títì tí ń bẹ nínú iṣẹ́ náà kò ṣòro fún wa rí. Jíjọ̀wọ́ ni a kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ̀kọ́ kan kù. Nígbà tí a padà dé títì, ọmọ wa kò sáré. Ó wá ibi tí wọ́n ti ń fa atẹ́gùn, ó sì kún táyà padà sí 36. Ó ní bí táyà tó rọ̀ bá sáré lórí ọ̀dà, yóò gbóná, ó sì lè bẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó fọ iyọ̀ òkun kúrò lábẹ́ ọkọ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé a ní kí a pa ìlànà àti ìbáwí tì. Táyà líle kò burú. Ilẹ̀ tí a gbé e dé ni ó yàtọ̀.

Láti ìgbà tí a ti ń wàásù ni a ti ń sọ nípa ọkùnrin tí ó kọ́lé sórí yanrìn, òtítọ́ sì ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ní láti la yanrìn kọjá, a kò sì lè bá wọn dé ibẹ̀ bí a bá kọ̀ láti dín ara wa kù. Ní Hatteras kan náà, ilé ìmọ́lẹ̀ gíga kan wà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà ní ọdún 1870. Nígbà tí òkun jẹ ilẹ̀ tí ó sún mọ́ ọn, wọ́n gbé e látòkèdélẹ̀ ní ọdún 1999, wọ́n sì fà á sẹ́yìn ní ẹsẹ̀-bàtà 2,900. Ibùdó rẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n ó ṣì ń tan ìmọ́lẹ̀ kan náà.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tí ẹ ti di òbí, ọ̀gá àti aṣáájú ìjọ, ẹ jẹ́ kí a máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ ilẹ̀. Àwọn baba wa ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ifẹ̀. A ti lo òwe náà nínú ìwàásù láìmọye ìgbà, a kò sì gbà á gbọ́ tán títí a fi rì. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣì wà nínú kíláàsì, bí ẹ bá mọ òtítọ́ kan, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Bí àgbà kò bá gbọ́, ẹ tún un sọ. Bí ẹ bá sì ní awakọ̀ kan, alásè kan tàbí ọlọ́dẹ kan nínú ọgbà yẹn, ẹ kí i, kí ẹ sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó ṣì lè gbọ́.

Ọmọ wa ṣì máa ń pè ní ọjọ́ Àìkú. Ìpè náà ti gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.