Láti Olúmìrìn dé Ihò Eléérú

Ẹni tó bá ń ti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́ á rí i pé bí ọkọ̀ bá ti kọjá Ìwárajà báyìí, ilẹ̀ kì í tẹ́ mọ́. Òkè á yọ lápá òsì, gígùn gbọọrọ, bí ìgànná tí wọ́n mọ dí ẹnu ọ̀nà Èkìtì. Kì í ṣe òkè olórí roboto bíi ti Ìdànrè. Ẹ̀yìn eléyìí gùn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dá gẹ̀rẹ́, igbó sì bò ó láti ìdí dé orí. Kuọ́tìsáìtì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìyẹn yanrìn àtayébáyé tí ooru àti ẹrù inú ilẹ̀ tẹ̀ pọ̀ títí ó fi di òkúta líle koko. Orúkọ ìlú Èfọ̀n ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ fi ń pe irú òkúta yìí, ó sì gùn lọ tó nǹkan bí 180 kìlómítà. Gbogbo omi tí èmi àti ará ilé mi lọ wò nígbà tí àwọn ọmọ gba ìsinmi, ara òkè yìí ló ti ń jáde. Ohun kan péré ló wà lọ́tọ̀, ihò kan nínú igbó Ìsàrùn. Òun ló wù mí jù, òun náà sì ni àwọn èèyàn kì í yà wò.

Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà la kọ́kọ́ yà. Ibẹ̀ ni omi Olúmìrìn wà, ìpele méje ló sì ń gbà já bọ̀ láti orí òkè. Ìtàn ìlú náà sọ pé Akínlà, obìnrin kan nínú ìran Odùduwà, ló kọ́kọ́ rí omi náà nígbà tí òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń wá ibi tí wọn yóò tẹ̀dó sí. Bí èèyàn bá ti ja tíkẹ́ẹ̀tì, tó sì wọ abẹ́ igi, ariwo omi á ti máa dún kí ojú tó rí i. Afẹ́fẹ́ á tutù lójijì. Lẹ́yìn náà ni omi funfun náà á yọ láàárín ewé, tí á máa ya lu òkúta dúdú, tí ìkùukùu rẹ̀ á sì máa rin aṣọ ẹni tó dúró lókèèrè.

Ìpele kìíní yìí ni ọ̀pọ̀ èrò mọ̀. Wọ́n ti fi símẹ́ńtì ṣe àtẹ̀gùn débẹ̀, adágún wà nísàlẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, àwọn tó ń ta àgbàdo sísun àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò sì jìnnà. Bó bá jẹ́ ọjọ́ kejì Kérésìmesì tàbí ọjọ́ Àjíǹde, sípíkà á bo ohùn omi mọ́lẹ̀. Èèyàn á ya fọ́tò, á jẹun, á padà sílé, á ní òun ti rí Olúmìrìn. Kò tíì rí i. Ìpele kejì lọ sókè ni omi náà wà, níbi tí kò ti sí àtẹ̀gùn mọ́, tó jẹ́ gbòǹgbò igi lèèyàn ń dì mú, tí ohun tútù tó hù mọ́ òkúta sì ń yọ̀ bí ọṣẹ.

Mo bẹ ìyá ìyàwó mi pé, “Màmá, ẹ jókòó síbí kí ẹ máa dè wá.” Ìjẹ̀ṣà paraku ni wọ́n. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, “Ìjẹ̀ṣà kì í jókòó de nǹkan. A máa ń lóṣòó dè é ni.” Ọmọ Òṣómàáló ni wọ́n ń pe Ìjẹ̀ṣà lóòótọ́! Wọ́n bọ́ sílípáàsì wọn, wọ́n fi há abíyá, wọ́n sì ṣíwájú wa. Àwọn ọmọ tó ń ráhùn ẹsẹ̀ dídùn panu mọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìpele kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀. Níbì kan omi á tẹ́ rẹrẹ lórí òkúta pẹrẹsẹ, ọmọdé lè rìn kọjá nínú rẹ̀ kó má dé kókósẹ̀. Ní ibòmíràn á há, á fún ara rẹ̀ pọ̀, á sì fò sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí rẹ̀ ni pé òkúta Èfọ̀n kò le dọ́gba. Ibi tó rọ̀ nínú rẹ̀ ni omi ń jẹ wọlé, ibi tó le a dúró gangan bí ó ti wà, bí ọdún sì ti ń gorí ọdún, òkè a di àtẹ̀gùn. Ẹni tó bá gùn ún dópin á bọ́ sí abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Ábákè, àwọn ará ibẹ̀ sì ń bá Èfọ̀n-Aláàyè lọ. Ó tún jẹ́ ohun ẹ̀rín díẹ̀: Èkìtì ni omi náà ti ń ṣẹ̀ wá lókè, Ọ̀ṣun ni wọ́n ti ń gba owó ìwọlé rẹ̀ nísàlẹ̀. Omi kò mọ ààlà ìpínlẹ̀.

Èfọ̀n-Aláàyè fúnra rẹ̀ yẹ ní odidi ọjọ́ kan, a kò sì fún un. Òkè yí ìlú náà ká, kùrukùru sì ń pẹ́ níbẹ̀ láàárọ̀ kó tó ká. Ibẹ̀ ni Agbọ́nbíọ̀fẹ́ gbé, ọ̀gá nínú àwọn agbẹ́gilére, tó gbẹ́ òpó ààfin. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin Joseph Ayo Babalola, wòlíì ìjọ Àpọ́sítélì Kristi, sí ní 1959. Omi Àrìnta ní Ìpólé-Ìlọ́rọ̀ náà dára, ó sì dákẹ́ ju Olúmìrìn lọ, ṣùgbọ́n òjò ká wa mọ́bẹ̀, a kò gòkè jìnnà.

Ìkógòsì la sùn. Orísun omi méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lọ́ wọ́ọ́rọ́, èkejì tutù, wọ́n sì ń ṣàn wá pàdé ara wọn lábẹ́ igi ńlá. Àwọn ará ìlú ní ìyàwó ọkùnrin kan ni àwọn méjèèjì, pé òkè tó dúró lókè wọn ni ọkọ, ìyàwó tí inú rẹ̀ ń tètè ru ló di omi gbígbóná. Àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà ti ń lo ibẹ̀ fún ìpàgọ́ láti nǹkan bí 1952, kí ó tó di ibi ìgbafẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀.

Àwọn tó ń polówó ibẹ̀ máa ń pariwo pé omi náà ń hó ní orísun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n 37 tàbí 38 ní sẹ́ńtígíréèdì ni, ìyẹn ni pé kò fi bẹ́ẹ̀ ju bí ara èèyàn ṣe gbóná lọ. Àbíkẹ́yìn wa ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó sì fi ojú ẹni tí wọ́n tàn jẹ wò mí: “Dádì, kò gbóná!” Ìyá rẹ̀ ní kó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún sínú ọ̀kan, kó fi tòsì sínú èkejì níbi tí wọ́n ti pàdé. Ó pariwo. A kò tètè rí i yọ kúrò níbẹ̀ mọ́.

Kí ló ń mú omi lọ́ wọ́ọ́rọ́ níbi tí kò ti sí òkè oníná? Òkúta Èfọ̀n kan náà ni. Ó le, ṣùgbọ́n ó sán káàkiri. Omi òjò ń gba ojú ibi tó sán wọlẹ̀ lọ, ó ń lọ jìnnà sí ibi tí ooru inú ilẹ̀ ti pọ̀, á sì tún gba ojú sísán mìíràn padà jáde kí ó tó rójú tutù tán. Èkejì tó tutù kò lọ jìnnà bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì a sọ̀kalẹ̀ sí ìpínlẹ̀ Oǹdó, apá Ìgbàrà-Òkè, a sì wọ Ìsàrùn. Níhìn-ín òkúta ti yí padà. A ti fi kuọ́tìsáìtì sílẹ̀, àpáta gíránáìtì la bá, àwọn ńlá ńlá tó dá dúró láàárín igbó. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí ẹni tó ń ta àgbàdo, a kò rí pátákó kankan lójú ọ̀nà tó júwe ibi tí à ń lọ. A lọ kí àwọn àgbà ìlú, wọ́n fún wa ní ọdẹ kan tó mú àdá lọ́wọ́, a sì gba inú oko kòkó wọ igbó. Ọ̀nà náà tó rìn. Níbi tí ewé ti bo ojú ọ̀nà, ọdẹ a ṣá a. Níbi tí igi ti wó dábùú, a ó gùn ún kọjá. Ẹ̀yìn náà ni igbó ṣí díẹ̀, àpáta sì dúró níwájú wa, tí ìdí rẹ̀ jẹ wọlé tí orí rẹ̀ yọ síta.

Ẹni tó bá ń retí ihò tó ṣókùnkùn, tí wọ́n ń tan tọ́ọ̀ṣì wọ̀, kò ní rí i níbẹ̀. Òrùlé àpáta ni, ó ga, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ gbẹ, ó kúná, àwọ̀ rẹ̀ bí eérú. Ọ̀rinrin wà nínú igbó níta títí tí aṣọ fi lẹ̀ mọ́ wa lára, ṣùgbọ́n abẹ́ àpáta náà gbẹ táútáú. Màmá tún sílípáàsì bọ́. Wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀ lẹ́nu ibẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ kúulé o, ẹ̀yin onílé.” Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Onílé wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ní 1965, ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw, tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ wa ilẹ̀ abẹ́ àpáta yìí. Òkúta wẹ́wẹ́ tí ọwọ́ èèyàn ti gbẹ́, tí wọ́n kó jáde, lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Nínú wọn ni àwọn pẹlẹbẹ kéékèèké wà tí wọ́n ń kì bọ igi láti fi ṣe ẹnu ọfà. Ní apá òkè ilẹ̀ náà wọ́n bá àpáàdì ìkòkò àti àáké olókùúta dídán, àwọn wọ̀nyí kò sì sí nísàlẹ̀. Nítòsí ìsàlẹ̀ ni wọ́n bá egungun èèyàn tí wọ́n sin, ẹni tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ọdún tó ti kú. Ìwé àwọn onímọ̀ kọ orúkọ ibẹ̀ ní Iwo Eleru fún ọ̀pọ̀ ọdún, àṣìkọ sì ni. Ihò Eléérú ni.

Ní 2011 àwọn onímọ̀ mìíràn tún agbárí náà yẹ̀ wò, wọ́n sì rí ohun tó yani lẹ́nu. Orí náà gùn, ó sì rẹlẹ̀ ju ti èèyàn òde òní lọ. Ìrísí rẹ̀ bá ti àwọn tó ti gbé ilẹ̀ Áfíríkà ní ohun tó lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún ọdún sẹ́yìn mu, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tó ni orí náà kò tíì pẹ́ tó ìyẹn rárá. Ìyẹn ni pé ìtàn bí ọmọ èèyàn ṣe di ohun tó dà lónìí kò lọ tààrà bí wọ́n ṣe rò, ibi tí àmì rẹ̀ sì ti hàn ni abẹ́ àpáta yìí, nǹkan bí kìlómítà mẹ́rìnlélógún sí Àkúrẹ́.

Àkọ́bí mi bi mí bóyá Yorùbá ni ẹni náà. Mo ní kò tíì sí Yorùbá nígbà náà, kò tíì sí Ifẹ̀, irin kò tíì dé, kò tíì sẹ́ni tó gbin iṣu. Ó ronú sí i, ó ní, “Kí ló wá ń jẹ?” Ọdẹ tó mú wa wá dáhùn kí n tó la ẹnu: ohun tí òun náà ń pa nínú igbó kan náà ni.

Owó tí à ń ná sí àtẹ̀gùn símẹ́ńtì níbi tí èrò ti pọ̀, ó yẹ kí díẹ̀ nínú rẹ̀ dé Ìsàrùn, bó ṣe pátákó kan ṣoṣo àti ọ̀nà tí ọmọ ilé ìwé lè rìn. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì fẹ́ lọ, oṣù Kọkànlá ló dára jù: òjò ti ń dáwọ́ dúró, ọ̀nà igbó ti ń gbẹ, omi Olúmìrìn kò sì tíì fà. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ kí àwọn àgbà ìlú, ẹ fún ọdẹ ní owó iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ẹ má sì mú òkúta kankan kúrò níbẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ. Irú òkúta wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi mọ ìwọ̀nba tí a mọ̀ nípa onílé náà.