Ẹ má fi oògùn pa ekòló Ìjàn o!

Ẹni tó bá kúrò l'Adó-Èkìtì, tó gba iwájú Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2009 kọjá, tó ń lọ tààrà, Ìjàn ló ń lọ yẹn, ìlú Oníjàn. Lásìkò òjò, ẹ jí wo pápá tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀: imí ekòló á ti kún orí koríko rẹpẹtẹ, á dúró ṣóńṣó-ṣóńṣó. Bọ́ọ̀lù ò ní í yí dáadáa, ẹsẹ̀ á sì máa yọ̀.

Ohun tí ọmọkùnrin kan sọ fún mi níbẹ̀ ló já mi láyà: "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká da oògùn kòkó sí i, kí gbogbo ẹ̀ kú dànù!" Mo ní, "Àbúrò, ó tì o."

Ìṣòro yìí kan náà ló ń bá àwọn tó ń tọ́jú pápá gọ́ọ̀fù fínra káàkiri ayé. Ẹni tí kò bá mọ irú pápá bẹ́ẹ̀, kó gba Ìkẹ́rẹ́ lọ s'Akúrẹ́, kó yà sí Ìlárá-Mọ̀kín, ó máa rí Smokin Hills, oníhò 18. Lórí koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, imí ekòló bíńtín ti tó láti yí bọ́ọ̀lù lọ́nà. Bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko bá tún gorí ẹ̀, á di ẹrẹ̀, koríko abẹ́ ẹ̀ á kú.

Oògùn làwọn òyìnbó fi ń pa á tẹ́lẹ̀. Chlordane wà lára ẹ̀. Àmọ́ oògùn yẹn kì í tètè kúrò nílẹ̀, ó sì ń wọ ara ẹran àti èèyàn. Ìdí nìyẹn táwọn orílẹ̀-èdè fi fẹnu kò ní Stockholm lọ́dún 2001 pé kí wọ́n fòpin sí i.

Kí ni wọ́n wá lè ṣe? Wọ́n á jẹ́ kí oòrùn gbẹ imí náà, wọ́n á fi ìgbálẹ̀ tàbí ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn fọ́n ọn ká. Wọ́n á kó koríko tí wọ́n bá gé kúrò, torí oúnjẹ ekòló ni. Wọ́n á da yanrìn sórí pápá, torí ekòló ò fẹ́ràn ẹ̀. Wọ́n á la ojú omi, kí ilẹ̀ má baà rin gbindin. Èwo ni ò sí n'Ìjàn nínú ẹ̀?

Ekòló kì í ṣe ọ̀tá wa. Charles Darwin, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ odidi ìwé lórí ẹ̀ lọ́dún 1881. Ó ní lọ́pọ̀ ibi nílẹ̀ wọn, ekòló ń gbé ilẹ̀ tó ju tọ́ọ̀nù 10 lọ wá sókè lórí éékà kan lọ́dún kan. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń mú iṣu ta.

Àwọn àgbà ní bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu. Bí a bá da oògùn sí ẹnu ilẹ̀ ọ̀hún, òjò ni yóò wọ́ ọ lọ sínú odò tí à ń pọn mu.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó lọ mú ìgbálẹ̀.