Àkókó Kì í Ṣe Ẹyẹ Kan Ṣoṣo

Àwọn àgbà a máa fi àkókó ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ní òun yóò gbẹ́ odó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fi odó rẹ̀ gún iyán rí. Lóòótọ́ ni pé kì í gbẹ́ odó; ilé ni ó ń gbẹ́. Inú ihò tí ó fi ẹnu gbẹ́ sára igi ni ó ń yé sí. Nígbà tí ó bá kó jáde, ẹyẹ mìíràn tí kò lè gbẹ́ igi a wọ ibẹ̀ gbé. Gbogbo ẹyẹ tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ni a ń pè ní àkókó. Orúkọ náà dára, ṣùgbọ́n àwọn tí ń jẹ́ ẹ pọ̀, ó sì bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Kò sí àkókó ní Madagásíkà tàbí ní Ọsirélíà. Ní Áfíríkà, ní ìhà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, ìran àkókó kan wà tí kò sí níbòmíràn láyé. Ní ọdún 1841 ni George Robert Gray, ará Ìlú Ọba, sọ ìran náà ní Campethera. Ẹ̀yà bí méjìlá ni ó wà nínú rẹ̀, èèrà sì ni púpọ̀ nínú wọn ń jẹ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ibùgbé tirẹ̀. Inú ọ̀dàn ni ti Campethera punctuligera, láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Sùdáànù. Inú igbó ni ti Campethera nivosa. Àwọn méjèèjì wà ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ nínú oko kan náà.

Láti mọ ẹni tí ó bá ẹnìkejì tan ni ó ṣòro. Nínú igbó ìwọ̀-oòrùn, títí dé Gánà, Campethera maculosa wà, ìlà sì wà ní àyà rẹ̀. Àkókó mìíràn tí ó ní irú ìlà bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìlà-oòrùn Gánà, ó gba Nàìjíríà kọjá lọ sí Kóńgò. Ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ẹyẹ kan wà tí àyà rẹ̀ ṣe tótòtó. Ojú yóò sọ pé àwọn onílà méjèèjì ni ọmọ ìyá. Ṣùgbọ́n ní 1987, A. Prigogine kọ̀wé pé onílà ti ìhà Nàìjíríà àti onítótòtó ń bá ara wọn bímọ níbi tí wọ́n ti pàdé. Orúkọ kan náà, Campethera cailliautii, ni àwọn méjèèjì ń jẹ́.

Èyí kì í ṣe àríyànjiyàn lórí orúkọ lásán. Campethera tullbergi ń gbé inú igbó orí òkè, ní ààlà Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, àti ní erékùṣù Bioko. Bí a bá sọ̀kalẹ̀ kúrò níbẹ̀, a kò ní rí i nínú gbogbo pẹ̀tẹ́lẹ̀ Kóńgò, àfi ìgbà tí a bá dé àwọn òkè ìlà-oòrùn, títí dé Kẹ́ńyà. Àwọn onímọ̀ kan ka ti ìlà-oòrùn yìí mọ́ ọn. Àwọn mìíràn ní ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni. Bí wọ́n bá jẹ́ ọ̀kan, tí a sì gé igbó orí òkè ìhà tiwa tán, ẹ̀ka kan ni ó ṣẹ́ lára igi. Bí wọ́n bá jẹ́ ọ̀tọ̀, igi náà wó tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kò sì sí ibi tí a ó ti lọ wá irúgbìn rẹ̀.

Ọmọ tí ó ń pe gbogbo wọn ní àkókó kò parọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò bá mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn, a kì í mọ ọjọ́ tí ó sọnù. Nítorí náà, nígbà tí ìró ẹnu rẹ̀ bá tún dún lórí igi lẹ́yìn ilé-ìwé, ó tọ́ kí olùkọ́ bi àwọn ọmọ rẹ̀ pé: àkókó wo ni?