Ohun tó wà nínú ọ̀kẹ́ kan

Ìyá mi àgbà ní Èrúwà kò mọ̀wé, àmọ́ kò sí ẹni tó lè rẹ́ ẹ jẹ nídìí ọsàn. Yóò jókòó sórí àpótí, yóò máa fọwọ́ kó ọsàn ní márùn-ún márùn-ún. Bó bá ti kó o lẹ́ẹ̀mẹ́rin, á ní, "Ogún," á tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo da òkìtì tó ti kà rú. Ó pariwo pé, "Ọ̀kẹ́ àìmọye ìgbà ni mo ti ń kìlọ̀ fún ọ!"

Mo bi í pé, "Màmá, èló ni ọ̀kẹ́?"

"Ẹgbàá mẹ́wàá ni, ọmọ mi."

Nígbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ pé owó ẹyọ ló ń sọ. Wọ́n á sín ogójì ẹyọ sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá kún àpò kan: ọ̀kẹ́ kan nìyẹn, 20,000. Àlùfáà Adolphus Mann tó gbé ní Ìjàyè kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1887 pé márùn-ún márùn-ún ni àwọn tó ń ka owó ẹyọ ń kó o, gẹ́lẹ́ bí ìyá mi àgbà ṣe ń kó ọsàn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń yẹ 20,000 wò. Ẹ pín in sí méjì fún ìbejì, bó ṣe yẹ ọmọ Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì: 10,000 fún Táíwò, 10,000 fún Kẹ́hìndé. Ẹ tún un pín: 5,000, 2,500, 1,250, 625. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló gbà, lẹ́yìn náà ó kọ̀. 625 yìí ńkọ́? Aárùn-ún lọ́nà aárùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ni. Eéjì àti aárùn-ún nìkan la fi mọ ọ̀kẹ́: ọwọ́ méjì, ìka márùn-ún. Àfi bí ẹni pé ara ẹni tó ń kà á ni wọ́n ti yọ ọ́.

Nítorí náà ni kò ṣe gba eéje. Bí ìlú Ìbàràpá méjèèje bá fẹ́ pín ọ̀kẹ́ kan dọ́gba, 2,857 ló máa kan ìlú kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan ṣoṣo á sì ṣẹ́kù sílẹ̀. Ohun tí wọ́n pín jẹ́ ọ̀kẹ́ kan ó dín ẹyọ kan, bí a ṣe ń pe 19 ní oókàndínlógún.

Lónìí, ọmọ wa tó ń ka "tuwẹ́ńtì táósáǹ" kò mọ̀ pé ó lórúkọ nílé. Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, ẹ bu kóró ẹ̀gúsí sílẹ̀ fún wọn, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn kó o ní márùn-ún márùn-ún títí dé ogójì. Ẹ wá sọ fún wọn iye ogójì tó wà nínú ọ̀kẹ́: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Kí mílíọ̀nù tó dé ẹnu wa, àádọ́ta ọ̀kẹ́ là ń pè é.