Owó Wúrà Kẹ́ńyà àti Ẹ̀tọ́ Ọlọ́run

Ẹ jẹ́ kí a jọ rìn dé Nàìróbì, olú-ìlú Kẹ́ńyà, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ó kan gbogbo ìyá tí ó ń fi wúrà pamọ́.

Bí ẹ bá kírun tán ní Mọ́ṣáláṣí Jamia, ẹ yà sí ọjà ńlá tí ó wà nítòsí rẹ̀. Ẹ ra èso díẹ̀, kí ẹ sì wo ṣéńjì tí wọ́n bá fún yín. Lára owó tuntun tí ìjọba gbé jáde ní 2018, erin ni ẹ ó rí lára 20 ṣílè, kìnnìún lára 10. Ẹ kò ní rí ojú ènìyàn kankan, nítorí òfin ilẹ̀ náà ti 2010 kò gbà kí a ya àwòrán ẹnikẹ́ni sára owó mọ́.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí tẹ́lẹ̀. Ẹ rìn dé ẹ̀bá ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Inú ọgbà rẹ̀ ni wọ́n sin Jomo Kenyatta sí ní 1978. Ìlú náà gba òmìnira ní 12 Oṣù Kejìlá 1963, òun sì ni Ààrẹ àkọ́kọ́. Ní 1966 wọ́n rọ owó wúrà mẹ́ta tí ojú rẹ̀ wà lára wọn, láti fi ṣàjọyọ̀ ọdún 75 rẹ̀ láyé: 100 ṣílè, 250 àti 500. Ní ọdún kan náà, Sàró rọ tirẹ̀ fún ọdún karùn-ún òmìnira rẹ̀. Títí di òní ni àwọn ènìyàn ń kó irú owó bẹ́ẹ̀ jọ.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ìyá wa. Bí ẹ bá bá irú owó yìí nínú àpótí ẹni tí ó ti kú, ẹ má ṣe jẹ́ kí iye tí a kọ sí i tàn yín jẹ. Èyí tí a kọ 500 sí wọ̀n gíráàmù 38, èkejì 19, ìkẹta 7.6. Nínú ìdá 1,000 wọn, 917 ni wúrà. Ẹ jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ wúrà méjì wọ̀n ọ́n lójú yín kí ẹ tó tà á. Ẹ má ṣe fi nǹkan kan bó o, nítorí bí ó bá ha, iye rẹ̀ yóò dín kù. Ogún ni pẹ̀lú: kí a pín in fún gbogbo ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́, ìyàwó àti ọmọbìnrin kò gbẹ́yìn.

Ó ku sàká. Ní ìlànà Imaamu Maliki tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀lé, ọ̀ṣọ́ wúrà tí obìnrin ń lò kò ní sàká. Ṣùgbọ́n owó wúrà tí a tò sí àpótí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí ẹ bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ojúlówó wúrà inú wọn jẹ́ bíi gíráàmù 59. Gíráàmù 85 ni ìwọ̀n tí sàká fi ń di dandan. Ẹ lè sọ pé, "Kò tíì tó." Ẹ dúró ná: ẹ ka àjẹkù wúrà tí ẹ fi pamọ́ mọ́ ọn, àti owó tí ẹ tò jọ. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé ìwọ̀n náà, tí ó sì pé ọdún òṣùpá kan lọ́wọ́ yín, ọ̀kan nínú ogójì ti kúrò ní tiyín. Ti aláìní ni.

Ojú Ààrẹ lè kúrò lára owó. Ẹ̀tọ́ Ọlọ́run kì í kúrò lára wúrà. Kí Ó fi ìbùkún sí ohun tí ó wà nínú àpótí yín. Àmín.