Ìrìn Ẹsẹ̀ láti Airport Road dé Òkè Dala

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá l'ónìí kì í ṣe ti owó ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ìjà onílé àti ayálégbé. Ọ̀rọ̀ ìrìn ni.

Gbogbo wa ni a mọ Bàbá Télọ̀ ti Airport Road. Ní ọdún 1969 ni bàbá yìí dé Sabon Gari láti Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí kò tíì pé ogún ọdún. Láti ìgbà náà ni ó ti jókòó sí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. Lẹ́hìn Àjíǹde tí ń bọ̀ ni yíò padà sí ilé pátápátá. Nígbà tí a ń ṣe ètò ìdágbére fún un ní ìpàdé oṣù December, a bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ kí ẹgbẹ́ ṣe fún òun. A rò pé yíò dárúkọ aṣọ tàbí owó ọkọ̀. Ohun tí ó wí ni pé: "Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti ń gbọ́ òkè Dala l'ẹ́nu àwọn oníbàárà mi. N kò dé ibẹ̀ rí. Bí mo bá dé ilé, tí àwọn ọmọ bi mí pé báwo ni Kano ti rí, kí ni kí n wí? Ṣé kí n ní ó rí bí ojú abẹ́rẹ́?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Nígbà tí a bi ara wa léèrè, a rí i pé nínú gbogbo àwa tí a jókòó n'íbẹ̀, ènìà mẹ́ta péré ni ó ti gun òkè náà rí. Ilé, ṣọ́ọ̀bù, ọjà, ilé ìsìn: ibẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ wa mọ.

Ẹ má ṣe rò pé ìrìn ìgbádùn jẹ́ ti àwọn ọlọ́rọ̀ nìkan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òṣìṣẹ́ náà jẹ anfààní rẹ̀. Ní ọdún 1891, àlùfáà kan tí ń jẹ́ Thomas Arthur Leonard kó nǹkan bí ọgbọ̀n ọ̀dọ́mọkùnrin láti Colne, ìlú àwọn ahunṣọ, lọ sí Ambleside ní agbègbè òkè àti adágún omi. Ó ti rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí a máa fi gbogbo ọdún tu owó jọ, nwọn a sì ná an tán l'étí òkun l'áàrin ariwo ní ìwọ̀n ọjọ́ díẹ̀, kí nwọ́n tó padà sí ẹnu iṣẹ́ pẹ̀lú àárẹ̀. Ó fi hàn wọ́n pé ẹsẹ̀ ara wọn, ọ̀rẹ́ díẹ̀, àti ẹni tí ó mọ ọ̀nà tó fún ìsinmi. Ní 1893 ó dá ẹgbẹ́ Co-operative Holidays Association sílẹ̀, ní 1913 ó sì tún dá Holiday Fellowship sílẹ̀. Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ti tàn ká aiyé báyìí: ènìà díẹ̀ yíò tẹ̀lé amọ̀nà kan, nwọn yíò rìn gba inú igbó àti orí òkè, nwọn yíò sì sùn ibi tí ilẹ̀ bá ṣú sí.

Àwa náà kò ṣe àjèjì sí i. Kí ojú irin tó dé Kano ní 1911, ẹsẹ̀ ni àwọn alájàpá wa fi ń rìn, nwọn kì í sì í dá rìn. Àwọn Hausa tí ń lọ ra obì gbànja ní olórí èrò tí nwọn ń pè ní madugu. Òun ni ó mọ ibi tí omi wà, òun ni ó mọ ibodè tí a ti ń san owó, òun ni ó sì ń pinnu ìgbà tí a ó dúró. Ojú irin gba ìrìn náà l'ẹ́sẹ̀ wa, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sì gba ìyókù.

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù January, àwa mẹ́jọ péjọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá Télọ̀ ní agogo mẹ́fà àbọ̀ òwúrọ̀. Bàbá wà n'íbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìndínlógún tí a bí ní Airport Road. Ìyá kan tí ń ta aṣọ àdìrẹ, olùkọ́ kan, nọ́ọ̀sì méjì, àti èmi akọ̀wé yín sì wà n'íbẹ̀. Ẹnì kẹjọ ni amọ̀nà wa, ọ̀dọ́mọkùnrin Hausa kan tí a bí ní Dala gan-an, tí ó ń kọ́ni ní ilé ìwé. Ọyẹ́ mú dé egungun. Bàbá wọ kóòtù tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán, ó sì di agbádá lé e.

A gba ẹ̀gbẹ́ ọjà Sabon Gari kọjá sí Fagge, níbi tí àwọn aláṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ilẹ̀kùn. L'áti ibẹ̀ a dorí kọ Kofar Mazugal, ọ̀kan nínú àwọn ẹnubodè ìlú àtijọ́. Ní gbogbo ìgbà tí a bá bá àwọn àgbà tí ó jókòó, amọ̀nà wa a dúró, a kúnlẹ̀ díẹ̀, a kí wọn, a sì sọ ẹni tí àwa jẹ́. Nwọn a dá wa l'óhùn pé "Sannu da zuwa." Olùkọ́ sọ fún mi pé bí àwa bá jẹ́ ọgọ́ta nínú bọ́ọ̀sì méjì, kò sí ẹni tí yíò kí wa báyẹn, nwọn ìbá rò pé a wá ṣe ìwọ́de ni.

Ní ẹnubodè náà ni a ti gbọ́ ìtàn odi Kano. Nwọ́n ní Sarki Gijimasu, tí ó jọba láti 1095 sí 1134, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, a sì parí rẹ̀ ní ìgbà Usman Zamnagawa, l'áàrin 1343 sí 1349. Amọ̀ ni nwọ́n fi mọ ọ́n. Ní 1903 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fọ́ wọlé. L'ónìí òjò ti wó púpọ̀ nínú rẹ̀, àwọn ènìà sì ti wa amọ̀ rẹ̀ lọ kọ́ ilé. Ní 2007 ni a fi orúkọ rẹ̀ sí ìwé àwọn ibi tí ilẹ̀ wa fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé. Ìyá aláṣọ àdìrẹ fi ọwọ́ kan amọ̀ tí ó kù, ó ní, "Kí òjò tó wó èyí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa wá rí i."

Nígbà tí a dé ìdí òkè, orúnkún Bàbá kọ̀. Ó gun àtẹ̀gùn díẹ̀, ó sì jókòó. Òógùn bò ó nínú ọyẹ́. Ó ní kí a máa lọ, òun yíò dúró dè wá. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti sáré lọ sí iwájú. Ara ọmọdé kì í gbà kí ó dúró. Ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì di ọwọ́ Bàbá mú, ó ń ka bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń sọ. Gbogbo wa dákẹ́, nítorí a kò fẹ́ kí ìdágbére di nǹkan míràn.

Amọ̀nà wa ni ó sọ̀ kalẹ̀ wá. Ó ní ní àárín àwọn tirẹ̀, ẹni tí ó lọ́ra jù ni ó ń ṣe iwájú. Ó pe ọmọkùnrin náà padà, ó ní kí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ àgbà, kí ó sì máa ka àtẹ̀gùn mẹ́wàá-mẹ́wàá fún un; bí ó bá pé mẹ́wàá, kí gbogbo ènìà sinmi. Nọ́ọ̀sì ní kò sí ewu, bí a kò bá kánjú. Báyìí ni a ṣe gòkè. Ó pẹ́ wa, ṣùgbọ́n a kò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Nígbà tí a sì ń sinmi ni a rí àwọn àwòdì tí ń rá bàbà l'ókè wa, èyí tí a kì bá má rí bí a bá sáré.

Òkè Dala ga ní mítà 534 sí ojú òkun. Òkúta rẹ̀ pupa, irin sì wà nínú rẹ̀. Ìtàn wí pé alágbẹ̀dẹ kan láti Gaya, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Kano, wá wá òkúta irin sí ibẹ̀, òun ni ìlú sì fi orúkọ jẹ. Nwọ́n tún ní ọdẹ alágbára kan, Barbushe, gbé orí òkè yìí kí Bagauda tó wá jọba ní 999. Ẹ̀nyin ọmọ ìdílé alágbẹ̀dẹ àti ọdẹ, ǹjẹ́ ẹ gbọ́? Ìlú tí a ń pè ní àjèjì yìí, inú irin ni ó ti jáde, a sì mọ bí nwọn ti ń bu ọlá fún irin ní ilẹ̀ wa.

Ìkùukùu ọyẹ́ bo ìlú. Mọ́ṣáláṣí ńlá ni a kọ́kọ́ rí. Bàbá ń wá Airport Road, kò rí i. Ó ní ní ìgbà tí òun dé, òkìtì ẹ̀pà wà ní ìlú yìí tí ó ga bí òkè, tí òun ìbá fi dá ibi mọ̀, ṣùgbọ́n òkìtì ẹ̀pà ti tán. A jókòó. L'ẹ́hìn bí wákàtí kan, ọkọ̀ òfurufú kan gbéra l'ápá àríwá. Ọmọkùnrin náà na ìka, ó ní: "Bàbá, ẹ wo ibi tí ó ti gbéra. Ẹ bọ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún díẹ̀. Ẹ rí òpó irin yẹn? Ilé wa nìyẹn."

Bàbá wò ó fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́hìn náà ó ní, "Ìyá yín náà wà n'íhà ibẹ̀ yẹn." A mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ tí a sin ní Kano ni ó ń wí. Kò sí ẹni tí ó fèsì.

Kí a tó sọ̀ kalẹ̀, ó sọ ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti pinnu tẹ́lẹ̀ láti mú ọmọkùnrin náà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí ó má ba à sọnù sí ìdálẹ̀. Ó ní òun rí i báyìí pé ọmọ náà kò sọnù; òun tí ó gbé ibẹ̀ ní àádọ́ta ọdún ni kò mọ ibi tí òun wà. Ó ní kí ó dúró ti ìyá rẹ̀, kí ó parí ilé ìwé, kí ó sì máa wá kí òun ní ọdọọdún. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tí ń re ilé mọ ibi tí òun ti ń bọ̀.

Ẹ̀nyin ará, ìrìn yìí kò ná ẹgbẹ́ l'ówó ju omi, àkàrà, àti ẹ̀bùn amọ̀nà lọ. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ má ju mẹ́wàá lọ. Ẹ mú ẹni tí a bí ní àdúgbò náà. Ẹ jáde ní òwúrọ̀, nínú oṣù November sí February. Ooru March àti April kò dára fún àgbà. Ẹ wọ bàtà tí ó le, ẹ̀nyin obìnrin ẹ bo orí, ẹ má sì ya àwòrán ẹnikẹ́ni láì gba àṣẹ. Kí ẹni tí ó lọ́ra jù máa ṣe iwájú.

Fún àwọn tí ń re ilé ní December, akọ̀wé ń gba orúkọ fún òkè Ìdànrè, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ jẹ́ 660, níbi tí àwọn ará ibẹ̀ ń gbé títí di 1923 kí nwọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Ènìà mẹ́jọ ni a ó mú.

Ìròhìn ìdílé: a ó dágbére fún Bàbá Télọ̀ ní ìpàdé tí ó ṣáájú Àjíǹde. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kò kúrò ní Airport Road; ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ó jókòó sí i báyìí bí ilé ìwé bá ti parí. Ẹ mú aṣọ yín lọ bá a. Ọlọ́run yíò mú Bàbá dé ilé ní ayọ̀. Àṣẹ.