Àlejò Orí Ọ̀pẹ ní Kpoulou

Ní Kpoulou àti àwọn abúlé tó yí i ká, ní Adja-Ouèrè, ọ̀pẹ ni aládùúgbò wa àkọ́kọ́. À ń jẹ epo rẹ̀, à ń fi imọ̀ rẹ̀ ṣe ọgbà, à ń fi ọwọ̀ rẹ̀ gbálẹ̀. Bó bá sì dàgbà jù, wọn a wó o lulẹ̀, wọn a da ẹmu rẹ̀, wọn a sì fi ẹmu náà se sódabì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo dúró ti irú ọ̀pẹ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wó. Láàárín ìdí imọ̀ gbígbẹ, mo rí ewéko kan tí kò ní ewé kankan, síbẹ̀ tó yọ òdòdó. Gbòǹgbò rẹ̀ wẹ́wẹ́ nà sókè bí abẹ́rẹ́, ó sì gbá ewé gbígbẹ jọ. Bàbá tó ń da ẹmu rẹ́rìn-ín:

“Olùkọ́, àfòmọ́ lásán nìyẹn. Iná la ó fi sun ún.”

Àfòmọ́ kọ́, bàbá. Àfòmọ́ a máa ti gbòǹgbò bọ inú igi, a sì máa fa omi ara rẹ̀ mu. Èyí kàn jókòó lórí igi ni. Òjò, ìrì àti ewé jíjẹrà ló ń bọ́ ọ. Àwọn Faransé ń pe ìran rẹ̀ ní orchidée. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pe ti orí ọ̀pẹ yìí ní Graphorkis lurida. Ìbátan fàníìlà ni.

Ẹnìkan lè ní irúgbìn rẹ̀ yóò hù níbòmíràn. Irúgbìn náà kúnná bí ìyẹ̀fun, ó sì pọ̀ lọ súà nínú èso kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n àgbàdo a máa gbé oúnjẹ àkọ́kọ́ rẹ̀ dání nínú hóró. Irúgbìn yìí kò gbé nǹkan kan. Ní 1899, Noël Bernard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, rí i pé irú olú kan tí ojú lásán kò lè rí ló ń bọ́ ọ kó tó hù. Ní 1922, ọdún kan náà tí wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè nítòsí wa, Lewis Knudson ní Amẹ́ríkà fi ṣúgà àti ohun kan tó dì bí ẹ̀kọ, tí a fi koríko òkun ṣe, rọ́pò olú náà nínú ìgò.

A lè ṣe é nílé. A ó se ìgò àti oúnjẹ inú rẹ̀ nínú cocotte-minute, a ó fi javel tí a fi omi là fọ irúgbìn, a ó sì dé ìgò pinpin. Bí afẹ́fẹ́ ìta bá kàn án, yóò bu bíi búrẹ́dì àná. Bó bá tilẹ̀ hù, ọ̀pọ̀ ọdún ni kó tó yọ òdòdó. Nítorí náà, èyí tó ti dàgbà kò yẹ fún iná.

Mo bẹ bàbá. Ó fi àdá gé e pẹ̀lú ìdí imọ̀ tó jókòó lé. Mi ò gbìn ín sí ilẹ̀, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ yóò rà. Mo so ó rọ̀ sábẹ́ igi máńgòrò. Nígbà tí kò ní ewé, omi díẹ̀ ni mo ń wọ́n sí i. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ewé tuntun yọ.

Ọ̀pẹ tó gbé e ti di sódabì. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bàbá ránṣẹ́ sí mi: wọ́n fẹ́ wó ọ̀pẹ mìíràn, àlejò kan wà lórí rẹ̀, kí n tètè wá.